Orí Keje: Gbígbé Fọ́tò Àjogúnbá sórí Ayélujára — Ètò Ìráàyè àti Ẹ̀tọ́ Àwòrán

Èròńgbà orí yìí

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

- fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹni tí fọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ni ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ àti ẹni tí a yà sínú rẹ̀;
- ṣírò ìgbà tí ẹ̀tọ́ àdàkọ fọ́tò kan yóò parí, kí ó sì mọ ìgbà tí ìṣirò náà kò dájú;
- pín àkójọ kan sí ìpele ìráàyè, kí ó sì kọ ìdí tí ó fi pín in bẹ́ẹ̀ sílẹ̀;
- kọ àkọsílẹ̀ àpèjúwe fún fọ́tò kan láìjẹ́ pé àkọsílẹ̀ náà tú àṣírí tí kò yẹ.

7.1 Àpẹẹrẹ tí a ó máa lò

Ká sọ pé ilé ìkàwé yunifásítì kan gba àpótí mẹ́rin lọ́wọ́ ẹbí onífọ́tò kan ní ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bàbá náà ṣí ilé-fọ́tò rẹ̀ ní 1958, ó sì kú ní 1991. Nẹ́gátíìfù tó wà nínú àpótí náà tó 2,000: ìgbéyàwó, ìsìnkú, àwọn ọmọ ilé-ìwé, ìwúyè, ọdún egúngún, ọdún Orò, àti páṣípọ́ọ̀tù lóríṣiríṣi. Ìwé tí bàbá ń kọ orúkọ oníbàárà sí wà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n òjò ti pa apá kan rẹ̀.

A hun àpẹẹrẹ yìí fún ẹ̀kọ́ ni, àmọ́ irú àpótí bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Ìṣe ilé-fọ́tò ni pé oníbàárà a gba fọ́tò tí a tẹ̀ lọ sílé, nẹ́gátíìfù a sì dúró lọ́dọ̀ onífọ́tò. Ìdí nìyí tí ìtàn ìlú odindi fi lè wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan ṣoṣo.

Lójú ẹni tí kò tíì ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ohun tó kù kò ju kí a fi skáànà da gbogbo rẹ̀ kọ, kí a sì gbé e sórí ìkànnì. Apá tó rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó le ni àwọn ìbéèrè tó yẹ kí ilé ìkàwé ti béèrè kí skáànà tó tanná.

7.2 Àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì

Àkójọ àjogúnbá oní-díjítà ni fọ́tò, ìwé, ohùn tàbí àwòrán ère tí a ti sọ di fáìlì kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àlàyé tó ń sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Fáìlì tí kò ní àlàyé kò tíì di àkójọ.

Ìráàyè ni àǹfààní tí ènìyàn ní sí ohun inú àkójọ. Ó ní ẹ̀yà mẹ́ta: àǹfààní láti wò ó, láti gbà á sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ ẹni, àti láti tún un lò nínú ìwé, fíìmù tàbí ọjà. Ẹni tí a fún ní ọ̀kan kò tíì gba méjì yòókù.

Ẹ̀tọ́ àdàkọ ni agbára tí òfin fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ kan láti pinnu ta ni yóò da iṣẹ́ náà kọ, tẹ̀ ẹ́ jáde, tà á tàbí gbé e síta fún gbogbo ènìyàn, títí iye ọdún kan yóò fi pé. Ẹ̀tọ́ ọlá oníṣẹ́ bá a rìn: pé kí a máa dárúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà mọ́ ọn, kí a má sì ṣe é báṣubàṣu débi tí yóò fi tàbùkù orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ gbogboògbò ni iṣẹ́ tí ọdún ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ ti pé, tàbí tí kò ní ẹ̀tọ́ àdàkọ rí.

Ìwé àṣẹ ìlò ni ọ̀rọ̀ tí oní-ẹ̀tọ́ fi sọ ohun tí ẹlòmíràn lè fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ kò lè kọ ọ́.

Àkọsílẹ̀ àpèjúwe ni gbogbo ohun tí a kọ nípa fọ́tò kan: àkọlé, ayàwòrán, ọjọ́, ibi, ẹni inú rẹ̀, ipò ẹ̀tọ́ rẹ̀, àti ìpele ìráàyè tí a fi sí.

7.3 Onífọ́tò, olówó fọ́tò, ẹni inú fọ́tò

Mú fọ́tò ìyàwó kan nínú àpótí náà. Bàbá ìyàwó ló sanwó, onífọ́tò ló yà á, ìyàwó ló jókòó níwájú ẹ̀rọ. Ta ló ni ín?

Bàbá ìyàwó ni ó ni bébà tó gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ àdàkọ jẹ́ ti onífọ́tò, àfi bí wọ́n bá ti kọ̀wé àdéhùn pé ó di ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà tó wà lóde báyìí (Òfin 2022, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, tí ó sì rọ́pò ti 1988) kò fi ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ sílẹ̀ lásán. Bí fọ́tò bá jẹ́ ti inú ilé, tí ẹnì kan ní kí a yà fún ara rẹ̀ tàbí ẹbí rẹ̀, ẹni náà lè lò ó bí kò bá ti jẹ́ fún òwò, ó sì lè sọ pé kí a má gbé e síta. Àbọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹbí onífọ́tò bá tilẹ̀ fọwọ́ sí gbogbo ìwé, ẹbí ìyàwó ṣì lè sọ pé rárá.

Ilé ìkàwé wa ńkọ́? Nẹ́gátíìfù ni wọ́n gbà. Bí kò bá sí ìwé tó dárúkọ ẹ̀tọ́ àdàkọ ní pàtó, wọn kò gbà á. Ọ̀pọ̀ ìwé ìfitọrẹ tó wà nínú fáìlì ilé ìkàwé ló kàn sọ pé a fi àpótí wọ̀nyí tọrẹ, tí kò sì sọ nǹkan mìíràn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ilé ìkàwé ní fíìmù, kò fún un ní àṣẹ.

Òfin náà gba ilé ìkàwé, ilé àkójọ ìwé ìṣẹ̀ǹbáyé àti mùsíọ́ọ̀mù láàyè láti ṣe ẹ̀dà ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kí ó má baà parun. Àyè ìpamọ́ nìyẹn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má fi í ṣe àwáwí fún gbígbé e sórí ayélujára, torí iṣẹ́ méjì ni, ìbéèrè méjì ni.

7.4 Ìṣirò ọdún

Ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ àdàkọ ìwé, orin, àwòrán ọlọ́dà àti ère wà títí 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é. Ti fọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. 50 ọdún ni, a kì í sì í kà á láti ọjọ́ ikú ayàwòrán. Ìparí ọdún tí a kọ́kọ́ gbé fọ́tò náà jáde fún gbogbo ènìyàn ni a ti ń kà á.

*Àpẹẹrẹ.* Ìwé ìròyìn kan tẹ fọ́tò ìwúyè kan jáde ní oṣù kẹfà 1970, pẹ̀lú àṣẹ onífọ́tò. A bẹ̀rẹ̀ sí kà láti 31 oṣù Kejìlá 1970. 50 ọdún pé ní 31 oṣù Kejìlá 2020. Láti 1 oṣù Kínní 2021, fọ́tò náà ti di iṣẹ́ gbogboògbò ní Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1991 ni ayàwòrán kú.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú fọ́tò ilé-fọ́tò ló dé inú ìwé ìròyìn? Èyí tó pọ̀ jù, ọwọ́ oníbàárà ni ó ti parí. Ǹjẹ́ kíkó ẹ̀dà mẹ́ta fún bàbá ìyàwó jẹ́ gbígbé e jáde fún gbogbo ènìyàn? Amòfin ni kí ilé ìkàwé bi. Ohun tó wà lọ́wọ́ olùtọ́jú àkójọ ni pé kí ó kọ ọjọ́ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú àkọsílẹ̀: ọjọ́ tí a ya fọ́tò, àti ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e jáde bí a bá mọ̀ ọ́n. Àkọsílẹ̀ tó ní ẹyọ ọjọ́ kan ṣoṣo kò wúlò fún ìṣirò yìí.

Bí ayàwòrán bá wá láti ilẹ̀ mìíràn, ìṣirò yí padà. Ní Bìrìtéènì àti ní Jámánì, ikú ayàwòrán ni wọ́n ń wò, 70 ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ulli Beier, tí a bí ní Jámánì, tí ó dé Ìbàdàn ní 1950, tí ó sì ya ọ̀pọ̀ fọ́tò nílẹ̀ Yorùbá, kú ní 2011. Níbikíbi tí ìlànà 70 ọdún lẹ́yìn ikú bá ti múlẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ títí di ìparí 2081. Ní Brazil, 70 ọdún náà ni, ṣùgbọ́n bíi ti Nàìjíríà, ìgbà tí fọ́tò jáde ni wọ́n ti ń kà á. Ní òdì kejì, ẹ wo Herzekiah Andrew Shanu, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Ọ̀tà ní 1858, tí ó lọ ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, tí ó sì di onífọ́tò níbẹ̀. Ó kú ní 1905. Èyí tó gùn jù nínú ìlànà wọ̀nyí, bí a bá kà á láti ọjọ́ ikú rẹ̀, ti parí ní 1975.

Fọ́tò Pierre Fátúmbí Verger rọrùn láti tọ́jú ju ti gbogbo àwọn yìí lọ, nítorí ìdí kan tí kò bá ọjọ́ orí fọ́tò tan. Kí ó tó kú ní 1996 ni ó ti dá àjọ Fundação Pierre Verger sílẹ̀ ní Salvador, Bahia, ní 1988, tí ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ sí ìkáwọ́ àjọ náà. Ẹni tó bá fẹ́ lo fọ́tò rẹ̀ láti Kétu tàbí láti Bahia mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò kàn.

7.5 Ta ni yóò buwọ́ lùwé?

Onífọ́tò inú àpẹẹrẹ wa kò dá àjọ kankan sílẹ̀. Kò kọ ìwé ìhágún. Ó ní ìyàwó méjì: ìyá àgbà bí ọmọ mẹ́rin, ìyàwó kejì bí ẹyọ kan. Àkọ́bí ìyá àgbà ló kó àpótí wá, òun nìkan ló sì buwọ́ lùwé.

Ohun tí a lè jogún ni ẹ̀tọ́ àdàkọ, gẹ́gẹ́ bí ilé àti oko. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ọ̀nà méjì ni a ń gbà pín ogún ẹni tí kò há ogún rẹ̀: ìdí-igi, níbi tí a ti ń pín in ní ọgbọọgba fún ẹ̀ka ìyàwó kọ̀ọ̀kan, àti orí-ojorí, níbi tí a ti ń pín in fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí ó dé iwájú Ìgbìmọ̀ Privy Council ní London ní 1962, ìdájọ́ tó jáde gba ìdí-igi gẹ́gẹ́ bí àṣà tó wà káàkiri, ó sì gba orí-ojorí gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí àwọn àgbà ẹbí lè yàn bí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Kí ni èyí jẹ́ fún olùtọ́jú àkójọ? Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, ìdajì ogún náà jẹ́ ti ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó kejì bí, ẹni tí a kò tilẹ̀ pè sí ìpàdé. Bí ó bá jẹ́ orí-ojorí, ìdá kan nínú márùn-ún ni tirẹ̀. Lọ́nà méjèèjì, ìbuwọ́lùwé àkọ́bí nìkan kò tó. Bí ilé ìkàwé bá gbé fọ́tò náà síta lórí ìbuwọ́lùwé yẹn, ó ti gbè sẹ́yìn apá kan nínú ọ̀rọ̀ ogún láìmọ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti pe mọ̀lẹ́bí jọ, kí ẹ̀ka méjèèjì wà níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí yóò máa fọwọ́ síwèé lórúkọ gbogbo wọn. Èyí lè gba oṣù mélòó kan. Ó sàn kí oṣù náà wà nínú ètò iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ju kí agbẹjọ́rò kó o wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn.

Nígbà míì, a ó wá oní-ẹ̀tọ́ títí, a kò ní rí i. Iṣẹ́ tí a kò rí oní-ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò di iṣẹ́ gbogboògbò nítorí pé a kò rí i. Kí ilé ìkàwé kọ ibi tó wá a dé: àwọn tó bi, ìwé tó yẹ̀ wò, ìkéde tó ṣe lórí rédíò, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

7.6 Ẹni inú fọ́tò

Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ìsọfúnni tó lè jẹ́ kí a dá ẹni tó wà láàyè mọ̀ sí dátà ẹni náà. Ojú ènìyàn nínú fọ́tò lè wà lára rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí a yà nínú yúnífọ́ọ̀mù ní 1975 ṣì lè wà láàyè lónìí. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, tàbí Àlùfáà, tàbí aládùúgbò ẹni tó ń ṣe skáànù. Ìdí nìyí tí páṣípọ́ọ̀tù, fọ́tò ilé-ìwòsàn àti fọ́tò ọmọdé kò fi yẹ kí wọ́n lọ sórí ayélujára pẹ̀lú orúkọ láìjẹ́ pé a bi ẹnikẹ́ni.

Òfin kò sì bo gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí lórí fọ́tò láàárín Yorùbá, tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1978. Lára ohun tó rí ní Ìlá Ọ̀ràngún ni pé fọ́tò ti ń ṣiṣẹ́ ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn a ya èyí tó kù nìkan, onífọ́tò a sì tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo kí àwọn méjèèjì lè jókòó pa pọ̀. Bí irú nẹ́gátíìfù bẹ́ẹ̀ bá wà nínú àpótí wa, ohun tí skáànà yóò rí ni ọmọ kan. Akọ̀wé tí kò mọ̀ yóò kọ "ọmọdébìnrin lórí àga" sí i, yóò sì gbé e sí abala àwòrán ọmọdé. Ẹbí tó ni í mọ̀ pé Táyé tàbí Kẹ́yìndé tó lọ ni ó dúró fún. Ìwé oníbàárà tí òjò pa nìkan ló lè sọ ìyàtọ̀, tàbí àgbà kan tó ṣì rántí. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ tọ́jú ìwé oníbàárà, kí a dà á kọ, kí a sì kà á, ṣáájú nẹ́gátíìfù gan-an.

Fọ́tò òkú tí a tẹ́ nílé jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí ń fi yangàn, tí àwọn mìíràn kò sì ní fẹ́ kí ojú òde rí. Kò sí òfin àpapọ̀ tó lè yanjú èyí. Ẹbí kọ̀ọ̀kan ni a ó bi.

7.7 Èèwọ̀ àti ìpele ìráàyè

Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, obìnrin kì í rí Orò. Ìkànnì kò lè mọ ẹni tó ń wo ojú fóònù. Kò sí ọ̀nà tí a lè gbà gbé fọ́tò Orò sórí ìkànnì gbogboògbò láìrú èèwọ̀ náà, bó ti wù kí a kọ ìkìlọ̀ tó. Ohun tí igbódù pamọ́ wà lábẹ́ ìlànà kan náà: ẹni tí a kò tíì tẹ̀ kò gbọdọ̀ rí i.

Ọ̀ràn egúngún ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà kan tí àwọn olùtọ́jú kì í tètè rí. Egúngún a jáde sí gbangba, tọkùnrin tobìnrin ló ń wò ó, fọ́tò rẹ̀ kò sì sábà fa wàhálà. Ibi tí wàhálà wà ni àkọsílẹ̀ àpèjúwe. A ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú Orí Kẹta pé kí ó dárúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú fọ́tò. Bí ó bá tẹ̀lé ìlànà yẹn níbí, tí ó kọ orúkọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ, ó ti tú ohun tí aṣọ náà wà fún. Fọ́tò lè wà ní ìpele tó ṣí sílẹ̀ jù, kí ìlà kan nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní ìpele tó pa dé jù. Ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìkàwé bá rà gbọ́dọ̀ lè ti ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kí a bi ẹni tó ń tà á kí a tó sanwó.

Àwọn ìpele mẹ́rin tó bá irú àkójọ yìí mu nìyí:

1. *Ṣíṣí sílẹ̀.* Ẹnikẹ́ni lè wò ó, kí ó sì gbà á sílẹ̀.
2. *Wíwò nìkan.* Àwòrán kékeré wà lórí ìkànnì. Ẹni tó bá fẹ́ ńlá yóò kọ̀wé béèrè.
3. *Yàrá ìkàwé.* Àkọlé nìkan ló wà lórí ìkànnì. Ẹni tó bá fẹ́ rí i yóò wá fúnra rẹ̀.
4. *Ọwọ́ àwọn tó ni í.* Fáìlì wà ní ìpamọ́, àwọn awo, ẹbí tàbí olóyè tó kàn ló ń pinnu ẹni tó lè rí i.

Ẹni tó ń pinnu ìpele yàtọ̀ láti ohun kan sí òmíràn: alágbàáà fún egúngún, Ìyálóde àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ohun tó jẹ́ ti obìnrin, baálé fún fọ́tò ẹbí. Ọ̀gá ilé ìkàwé kò gbọdọ̀ dá a pinnu. Kí a sì kọ ọjọ́ àtúnyẹ̀wò sí ìpinnu kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tó sọ pé kí a tì í lónìí lè sọ lọ́la pé kí a ṣí i, ṣùgbọ́n èyí tí a bá ti ṣí, tí ayé ti gbà sílẹ̀, kò ṣeé kó padà.

Àwọn ìlú mìíràn ti kọ́ irú ètò yìí. Àwọn Warumungu ní Tennant Creek, Ọsirélíà, ló bá àwọn olùwádìí ṣe Mukurtu, ètò àkójọ tí àṣà ìlú ń pinnu ẹni tó lè rí ohun kọ̀ọ̀kan. Àjọ Local Contexts náà ní àmì tí ìlú lè lẹ̀ mọ́ fáìlì láti sọ bó ti yẹ kí a lò ó. Àmì náà kì í ṣe ìwé àṣẹ ìlò, kò sì ní agbára òfin. Ó ń jẹ́ kí ẹni tó ń wo fọ́tò mọ ohun tí ìlú sọ.

7.8 Fáìlì: ti ìpamọ́ àti ti ìkànnì

Nẹ́gátíìfù 35mm fẹ̀ tó mílímítà 36 sí 24. Bí a bá skáànù rẹ̀ ní 4,000 píksẹ́lì fún íǹṣì kan, a ó rí nǹkan bí 5,669 sí 3,780 píksẹ́lì, ìyẹn ju mílíọ̀nù 21 lọ. Fáìlì TIFF aláwọ̀ tí a kò fún pọ̀ yóò tó 64 MB. 2,000 irú rẹ̀ yóò gba nǹkan bí 128 GB, tí a ó sì tọ́jú ní ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀kan kí ó wà ní ilé mìíràn. Fáìlì ìpamọ́ nìyí. Kì í lọ sórí ìkànnì.

Fáìlì ìkànnì ni JPEG tí gígùn rẹ̀ tó 1,200 píksẹ́lì. Ẹni tó ń fi dátà fóònù wò ó ní Ìkirè yóò rí i kíákíá. Ní ti ìwé títẹ̀, 1,200 píksẹ́lì ní 300 fún íǹṣì kò ju íǹṣì mẹ́rin lọ, nítorí náà òǹtẹ̀wé tó bá fẹ́ fi í ṣe èèpo ẹ̀yìn ìwé yóò ní láti wá béèrè ńlá. Ìwọ̀n fáìlì ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ láìṣe ariwo. Lílẹ àmì gbàgàdà mọ́ àárín àwòrán kò ṣe iṣẹ́ náà dáadáa tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń ba ojú àwọn bàbá wa jẹ́.

Kí àwárí sì lè ṣiṣẹ́ ní Yorùbá. Lẹ́tà bíi "ẹ́" kò ní àyè tirẹ̀ nínú ìlànà Unicode. "Ẹ" àti àmì ohùn ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀. Ẹni méjì lè tẹ "Ọ̀ṣun" kí ojú rí ọ̀rọ̀ kan náà, kí ẹ̀rọ sì kà á sí ọ̀rọ̀ méjì. Ẹni kẹta yóò tẹ "Osun" láìsí àmì kankan. Kí a ṣètò ìkànnì kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú àbájáde kan náà wá, kí àmì sì pé nínú àkọsílẹ̀ tí a fi hàn.

Àkọsílẹ̀ kan láti inú àpótí wa lè rí báyìí:

*Àkọlé:* Egúngún níwájú ààfin
*Ọjọ́ tí a yà á:* nǹkan bí 1972
*Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e jáde:* a kò rí i
*Ẹ̀tọ́ àdàkọ:* àwọn ajogún ayàwòrán. Ìwé ìfọwọ́sí ẹ̀ka méjèèjì wà nínú fáìlì
*Ìpele fọ́tò:* 1
*Ìpele ìlà "Ẹni inú rẹ̀":* 4
*Ẹni tó pinnu ìpele:* alágbàáà ìlú
*Àtúnyẹ̀wò:* lẹ́yìn ọdún márùn-ún

7.9 Ìwé àṣẹ ìlò

Creative Commons, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, ni ìwé àṣẹ tí àwọn àkójọ ń lò jù. Ilé-iṣẹ́ méjì lè ní ère ìbejì kan náà kí wọ́n sì yan ọ̀nà méjì. Metropolitan Museum ní New York ti fi àwòrán àwọn iṣẹ́ gbogboògbò rẹ̀ sílẹ̀ láti 2017 lábẹ́ CC0, tí kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. British Museum ní London ń lo CC BY-NC-SA 4.0: dárúkọ wa, má fi í ṣòwò, pín ohun tí o bá ṣe pẹ̀lú àdéhùn kan náà. Nínú ìpinnu méjèèjì, ilé-iṣẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ìlú tí a ti gbẹ́ ère náà kò sí nínú gbólóhùn kankan.

Ǹjẹ́ ẹni tó skáànù fọ́tò àtijọ́ ní ẹ̀tọ́ àdàkọ tuntun lórí rẹ̀? Ní 1999, ilé ẹjọ́ kan ní New York sọ nínú ẹjọ́ Bridgeman àti Corel pé ẹ̀dà tó jọ àwòrán àtijọ́ láìyẹ̀ kò ní ohun tuntun nínú, nítorí náà kò ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti 2019 sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ fún àwòrán tó ti di iṣẹ́ gbogboògbò. Fọ́tò ère yàtọ̀: ẹni tó yà á ló yan ìmọ́lẹ̀ àti igun, ó sì lè ní ẹ̀tọ́ lórí ìyẹn ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀.

Ilé ìkàwé tó kọ "gbogbo ẹ̀tọ́ jẹ́ tiwa" sábẹ́ gbogbo 2,000 fọ́tò náà ti parọ́ lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, kò lè fi ìwé àṣẹ Creative Commons sí i. Fún irú èyí ni a ṣe ṣe àwọn gbólóhùn méjìlá ti RightsStatements.org, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, tó ń sọ ipò ẹ̀tọ́ láìfúnni láṣẹ: pé ó wà lábẹ́ ẹ̀tọ́, pé a kò rí oní-ẹ̀tọ́, tàbí pé a kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

7.10 Àpẹẹrẹ láti ilé aládùúgbò: Digital Benin

Ìkànnì Digital Benin ṣí ní oṣù Kọkànlá 2022. Nígbà tí ó ṣí, ó ti kó àkọsílẹ̀ ohun tó ju 5,000 lọ jọ láti ilé-iṣẹ́ 131 ní ilẹ̀ 20, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní ààfin Bìní ní 1897. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló fi àwòrán tirẹ̀ sílẹ̀, ipò ẹ̀tọ́ lórí àwọn àwòrán náà kò sì rí bákan náà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tẹ àwòrán ohun mẹ́ta láti inú rẹ̀ lè ní láti bá ìlànà mẹ́ta pàdé. Ohun tí àwọn tó kọ́ ọ lè yí padà, wọ́n yí i: orúkọ Ẹ̀dó wà fún àwọn ohun náà, bẹ́ẹ̀ ni ohùn àwọn àgbà tó ń sọ ìlò wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ le láti tún ṣe lẹ́yìn, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ àpèjúwe ṣeé dá padà sí èdè àwọn tó ni í nígbàkígbà.

Kókó inú orí yìí

- Níní nẹ́gátíìfù kò jẹ́ níní ẹ̀tọ́ àdàkọ.
- Fọ́tò ní Nàìjíríà: 50 ọdún láti ìparí ọdún tó kọ́kọ́ jáde.
- Ogún onífọ́tò lè jẹ́ ti ẹ̀ka ju ẹyọ kan lọ.
- Ìpele ìráàyè lè yàtọ̀ fún fọ́tò àti fún ìlà inú àkọsílẹ̀ rẹ̀.
- Ẹni tó ni ẹ̀tọ́ nìkan ló lè kọ ìwé àṣẹ ìlò.

Ìdánrawò

1. Ìwé ìròyìn tẹ fọ́tò kan jáde ní oṣù kẹsàn-án 1979 pẹ̀lú àṣẹ ayàwòrán. Ọjọ́ wo ni ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ parí tàbí yóò parí ní Nàìjíríà? Fi ìṣirò rẹ hàn.
2. Onífọ́tò kan kú láìhágún. Ìyàwó rẹ̀ mẹ́ta bí ọmọ méjì, mẹ́ta àti ẹyọ kan. Sọ ìpín ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ lábẹ́ ìdí-igi àti lábẹ́ orí-ojorí.
3. Kọ àkọsílẹ̀ àpèjúwe fún fọ́tò ìbejì tí a tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti ara ọmọ kan. Kọ èyí tí gbogbo ènìyàn yóò rí, kí o sì kọ èyí tí ẹbí nìkan yóò rí.
4. Yan fọ́tò márùn-ún nínú álúbọ́ọ̀mù ilé yín, pẹ̀lú àṣẹ àwọn àgbà ilé. Fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìpele ìráàyè, kí o sì kọ ẹni tó pinnu rẹ̀.
5. Ilé ìkàwé kan fẹ́ fi CC BY sí fọ́tò tí kò rí oní-ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣàlàyé ìdí tí kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ àti ohun tí ó lè kọ dípò rẹ̀.
6. Arábìnrin kan kọ̀wé láti Houston pé fọ́tò ìsìnkú ìyá òun wà lórí ìkànnì ilé ìkàwé, àti pé òun fẹ́ kí a yọ ọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní Òṣogbo ló fọwọ́ sí i. Kọ lẹ́tà èsì tí ilé ìkàwé yóò fi ránṣẹ́ sí i, kò gbọdọ̀ ju 200 ọ̀rọ̀ lọ.